Nọ́ńbà Tí Wọn Kò Yẹ̀ Wò

Ọláyídé ló ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-ìwé girama aládàáni kan ní Ìgbó-Ọrà. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé sórí rẹ̀ yóò tẹ orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù. Nọ́ńbà ẹ̀rọ tó fi wọlé yóò sì wà lákọsílẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n máa dá ẹ̀rọ tí wọn kò mọ̀ padà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n Ọláyídé ń fòní dónìí, ó ń fọ̀la dọ́la.

Nígbà tí ìbéèrè ìdánwò ìṣirò tú sọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, orúkọ Mùínàt, akọ̀wé ọ̀gá ilé-ìwé, ni Ọláyídé bá nínú àkọsílẹ̀ pé ó wọlé síbi tí wọ́n tọ́jú ìbéèrè náà sí. Orúkọ yẹn nìkan ló gbé lọ fún ìgbìmọ̀. Mùínàt kò wí nǹkan kan. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Oṣù mẹ́ta kọjá kí Ọláyídé tó yẹ nọ́ńbà ẹ̀rọ náà wò. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà Mùínàt. Fóònù kan tí kò sí nínú ìwé wọn ni. Ní Sátidé, ó gun ọ̀kadà lọ sílé Mùínàt ní Ìdèrè.

Mùínàt àti ọkọ rẹ̀ ń bó pákí lẹ́yìnkùlé. Ọláyídé dọ̀bálẹ̀ sórí èèpo.

“Màmá Àìṣát, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo kó yín sí wàhálà yìí. Fóònù tí kì í ṣe tiyín ni wọ́n fi wọlé.”

Ọkọ rẹ̀ sọ ọ̀bẹ sílẹ̀. “Mo wí bẹ́ẹ̀! Ta ló ni fóònù?”

“Mi ò tíì mọ̀, Bàbá Àìṣát. Tí a bá yẹ gbogbo fóònù wò ní Mọ́ńdè, a ó rí i.”

“Ìbáà jẹ́ ọmọ ọba, èmi fúnra mi ni n ó wọ́ ọ dé àgọ́ ọlọ́pàá.”

Mùínàt kò gbójú sókè lórí pákí. “Mo ti forí jì yín. Ẹ jẹ́ ó lọ bẹ́ẹ̀.”

“Kó lọ kẹ̀?” ni ọkọ rẹ̀ wí. “Ẹni tí wọ́n ń pè lólè! Àìṣát gan-an, ojú ń tì í láti lọ sílé-ìwé yẹn.”

Ó wọlé lọ wọ bùbá, ó ní àwọn yóò jọ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé nílé lójú ẹsẹ̀.

Omi lé ròrò sójú Ọláyídé. “Ẹ ó padà sẹ́nu iṣẹ́ yín, mà.”

Mùínàt wo ẹnu ọ̀nà tí ọkọ rẹ̀ gbà wọlé, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀: “Ẹ dákun, ẹ bá mi pa nọ́ńbà yẹn rẹ́ kó tó di Mọ́ńdè, fóònù Àìṣát ni.”