Ẹni Tó Jẹ́ Àwẹ̀ró

Láti Vienna, ìlú òyìnbó tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ dé nígbà ìsinmi wọn, ni Ìbíyẹmí ti ń jowú ẹni tí kò rí. Nínú gbogbo fọ́tò tó ya Fọlárìn ọkọ rẹ̀ níwájú àwọn ààfin àtijọ́, ńṣe ló na apá ọ̀tún síta, bí ẹni gbé e lé ènìyàn léjìká.

“Ta lẹ gbá mọ́ra?”

“Ta tún ni, bí kò ṣe ìwọ?”

Nígbà tí wọ́n dé òkè tí wọ́n ti ń fi pátákó ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, Ìbíyẹmí bínú, kò bá a lọ. Ẹnu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì ló dúró sí títí ilẹ̀ fi ń ṣú, tó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ látòkè: “Àwẹ̀ró, rọra o.”

Oríkì tirẹ̀ nìyẹn. Ìyá rẹ̀ àti Fọlárìn nìkan ló ń fi pè é.

Fọlárìn yọ, òun nìkan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipa pátákó rẹ̀, ipasẹ̀ obìnrin tí kò wọ bàtà ń bá a bọ̀. Fọlárìn rí Ìbíyẹmí, ó dúró gbagidi.

“Àwẹ̀ró?”

Kí Ìbíyẹmí tó la ẹnu, ohùn kan tó jọ tirẹ̀ gẹ́lẹ́ ti dáhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀: “Olówó orí mi.”

Apá ọ̀tún Fọlárìn sì rọra nà síta, ó bà lé èjìká tí Ìbíyẹmí kò rí.