Òórùn Epo Nínú Mọ́tò Gbénró

Ṣé Gbénró gbọ́ òórùn epo náà láàárọ̀ Sọ́ńdè yẹn, àbí imú rẹ̀ ti kú sí i? Títí di òní, Mojísọ́lá ìyàwó rẹ̀ ṣì ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí, kò sì rí ẹni dá a lóhùn. Ẹ̀yin tí ìwé yìí bá tẹ̀ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jù ú sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fún ẹlòmíràn kà, pàápàá ẹni tó bá ń gbé ọmọ wọ mọ́tò.

1.

Mẹkáníìkì ni Gbénró ní Ìkòsì. Ó mọṣẹ́, kò sí irọ́ níbẹ̀. "Ọ̀gá Tọ́bò" ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ẹńjìnnì tọ́bò tó ń dà á láàmú. Lọ́dún 2004, ó ra ọ̀kan ní Owódé Onírin, ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ó ní òun máa gbé e sínú mọ́tò pupa òun, kí òun lè pa Rùfáì ọ̀rẹ́ òun lẹ́nu mọ́. Rùfáì ló máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Gbénró, ẹnu lo fi ń wa mọ́tò tìẹ!"

Kò kánjú nígbà yẹn. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya ọ̀nà tí epo máa gbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù: láti táǹkì lẹ́yìn bọ́ sí pọ́ǹpù, dé orí ẹńjìnnì, àti ọ̀nà tí èyí tó bá ṣẹ́kù máa gbà padà sí táǹkì. Mojísọ́lá gbé oúnjẹ wá, ó bá a níbẹ̀.

"Mummy Dára, atẹ́gùn ni tọ́bò yìí máa ń tì sínú ẹńjìnnì. Bí atẹ́gùn bá pọ̀, epo náà gbọ́dọ̀ pọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹńjìnnì á jóná. Ìdí tí mo fi ra pọ́ǹpù ńlá nìyẹn. Rọ́bà lásán tí epo ń gbà kọjá ò sì lè gba agbára pọ́ǹpù ńlá. Irú èyí tí wọ́n hun wáyà mọ́ lára ló lè gbà á."

Rọ́bà oníwáyà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń dán yinrin. Mojísọ́lá rẹ́rìn-ín.

"Eléyìí mà dán ju ṣéènì ọrùn mi lọ! Àbí ẹ ti ní ìyàwó kejì tí ẹ rà á fún?"

"Òun gan-an ni ìyàwó kejì!"

2.

Mọ́tò náà ti ń rìn dáadáa nígbà tí Mojísọ́lá tún ya ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́ Fúráìdé kan, tòun ti Dárasími ọmọ wọn lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Bartholomew, àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ló pàdé tó ń wa mọ́tò tirẹ̀ jáde.

"Ìyàwó wa, ọkọ rẹ mà mọṣẹ́ o! Kò sí 'kò ṣeé ṣe' lẹ́nu rẹ̀!"

Inú Mojísọ́lá dùn. Ó wọlé, ó bá Gbénró tó ń fi kílíìpù de rọ́bà dúdú kan mọ́ ẹńjìnnì mọ́tò pupa.

"Ìyàwó kejì yín dà?"

"Á padà wálé ní Mọ́ńdè. Èyí á ṣì gbé wa ná."

"Ṣé kì í ṣe irú èyí lẹ ní kò lè gbà á?"

"Mọ́ji, ta ni mẹkáníìkì nínú èmi àti ìwọ?"

Ẹ gbọ́ o! Ẹnu kan náà tó fi ń lé oníbàárà padà pé kí wọ́n lọ ra rọ́bà gidi wá.

3.

Sọ́ńdè, wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Daddy Dára, epo ń rùn nínú mọ́tò yìí."

Gbénró fa atẹ́gùn símú. "Epo wo? Aṣọ iṣẹ́ mi tó wà ní búùtù nìyẹn."

Mojísọ́lá sọ fèrèsé kalẹ̀, ó sì yí ojú ọmọ síta. Wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì láyọ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Rùfáì yọ sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú mọ́tò tirẹ̀.

"Ọ̀gá Tọ́bò! Ṣé kí n dúró dè ọ́ ni?"

"Daddy Dára, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ wà nínú mọ́tò."

"Díẹ̀ báyìí ni."

Ó tẹ̀ ẹ́. Tọ́bò súfèé, Rùfáì di ẹni ẹ̀yìn, Gbénró ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí èéfín fi yọ níwájú. Rọ́bà ti já, epo sì ń tú sórí tọ́bò tó ti gbóná pọ́n bí ẹ̀yinná.

4.

Ó dá mọ́tò dúró. Ó fa ìyàwó rẹ̀ jáde, ó gbé Dárasími lé e lọ́wọ́, ó tì wọ́n lọ sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Ká ní ó dúró tì wọ́n níbẹ̀ ni! Ó bojú wẹ̀yìn.

"Ẹńjìnnì mi!"

"Ẹ fi sílẹ̀! Ẹ jẹ́ kó jó! Daddy Dára!"

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Iná tó ti há sábẹ́ ibẹ̀ rí atẹ́gùn, ó fò mọ́ ọn lójú àti láyà.

Àwọn èèyàn da yẹ̀pẹ̀ lù ú títí iná ara rẹ̀ fi kú. Bàbá Bartholomew, tóun náà ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ló gbé wọn sáré lọ sílé ìwòsàn.

"Dára ńkọ́?" ni Gbénró ń bi Mojísọ́lá lójú ọ̀nà.

"Ó wà lọ́wọ́ mi. Kò sóhun tó ṣe é."

Ọ̀sẹ̀ náà ò parí tí Gbénró fi kú.

5.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí epo bá ń rùn nínú mọ́tò, ẹ ní kí wọ́n pa á, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé imú yín ló ń purọ́. Bí iná bá wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ sá fún un, ẹ má ṣí i. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ohun tí ẹ ò lè fi sára mọ́tò oníbàárà, ẹ má fi gbé ìyàwó àti ọmọ yín. Kí ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé, "Kò ṣeé ṣe lónìí."

Dárasími ti wọ ilé ẹ̀kọ́ kí Mojísọ́lá tó mọ ìyókù. Bàbá Bartholomew ló wá bá a, tó ń sunkún. Rọ́bà epo mọ́tò tirẹ̀ ló là nírọ̀lẹ́ Fúráìdé yẹn, ìrìn àjò Ìjẹ̀bú sì wà níwájú rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Ọjà Owódé Onírin ti tú, rọ́bà dúdú lásán nìkan ló sì kù ní ṣọ́ọ̀bù. Gbénró ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé iṣẹ́ kan borí Ọ̀gá Tọ́bò, ló bá tú rọ́bà ti ara rẹ̀ fún un, pé kó dá a padà ní Mọ́ńdè.

Bàbá náà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò rẹ̀. Rọ́bà oníwáyà náà wà níbẹ̀, ó ṣì ń dán. Òun ló ń gbé epo lọ sínú ẹńjìnnì mọ́tò tó gbé Gbénró lọ sílé ìwòsàn.