Ihò Inú Ìlà

"Dókítà, ẹ má yọ awò ojú yẹn o. Lésà ṣì ń ṣiṣẹ́."

"Mi ò rí ìgò nínú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n." Olùwádìí náà ti yọ ọ́, ó ti ń fọwọ́ sún ìgò kékeré náà síwájú iná. Bí lésà bá gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan lọ́wọ́ èròjà inú ìgò náà, èròjà yẹn á já pírótọ́ọ̀nù sílẹ̀. Bó ṣe ń yára já a sílẹ̀ tó ló ti ń wá fún ọdún méjì.

Iná lésà ta lára òrùka ọwọ́ rẹ̀ sí i lójú. Kò tilẹ̀ dùn ún.

"Àbájáde ti jáde," ni Evaristo, ẹ̀gbọ́n tó ń bójú tó ẹ̀rọ, wí nídìí kọ̀ǹpútà, ó ń fa mate rẹ̀, tíì ewé ilẹ̀ Argentina. "Ẹ wo ìlà bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹnu á ya àwọn olùwádìí Buenos Aires."

Olùwádìí náà sáré wá wo ìlà náà. "Ihò dúdú wà láàárín rẹ̀."

"Ihò wo? Ìlà yìí mọ́ tónítóní."

"Ẹ̀rọ yín tún ti bàjẹ́ nìyẹn."

Ó fi ìbínú yíjú sí Evaristo. Ó rí etí rẹ̀ méjèèjì, ó rí irun funfun rẹ̀ àti igbá mate lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tó yẹ kí imú àti ẹnu rẹ̀ wà, ihò dúdú inú ìlà náà ló wà níbẹ̀.