Ife Omi Ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́bí kí ẹ gbọ́. Ọmọ ìlú Odò-Ajà kan wà tó ń gbé ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olówòókéré. Ìwé rẹ̀ kún yàrá méjì, àmọ́ kò mọ bí a ṣe ń sọ pé "rárá" fún ẹni tó bá ti ṣe é lálejò.

Iléeṣẹ́ kan dé sí Odò-Ajà, ó ń yọ́ bátìrì àlòkù. Ìjọba wá yan ìgbìmọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti yẹ omi kànga ìlú wò, Olówòókéré ni alága. Kò pẹ́ tí iléeṣẹ́ náà fi fún un ní jíìpù. Òtẹ́ẹ̀lì àti àsun ni wọ́n fi tu àwọn yòókù lójú. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò dé, òjé wà nínú omi, májèlé tí kò láwọ̀, tí kò lóòórùn. Alága wo jíìpù, ó lọ sórí rédíò, ó ní: "Omi Odò-Ajà dára ní mímu."

Lọ́kàn rẹ̀, òun á dọ́gbọ́n mú ìyá òun kúrò níbẹ̀. Ó wakọ̀ lọ. Màmá bu omi kànga fún un. Ẹ kúkú mọ àṣà wa: ẹni tó bu omi fún àlejò ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Màmá gbé ife sẹ́nu. Ọ̀jọ̀gbọ́n fò dìde.

"Màmá, ẹ má mu ún! Májèlé ni!"

Màmá gbé e mì, ó rẹ́rìn-ín, ó fi oríkì rẹ̀ pè é. "Àjàní, ọmọ mi ọ̀jọ̀gbọ́n ló ní ó dára. Ṣé ìwọ wá mọ̀wé jù ú lọ ni?"

"Irọ́ ni mo pa, Màmá."

Ẹ̀rín kúrò lójú màmá. "Irọ́ kẹ̀? Èmi ni mò ń pọn ún fún àwọn ọmọ àdúgbò látọjọ́ tó o ti sọ̀rọ̀ lórí rédíò!"

Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ síta, ó ń kígbe pé kí wọ́n dí kànga. Ọkùnrin kan tó ń fa omi wò ó, ó wo jíìpù, ó wá bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. Iléeṣẹ́ wo ló tún gbé yín wá báyìí?" Ó sì ń fa omi rẹ̀ lọ. Wọ́n ṣì ń fà á títí dòní.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tí ìlú bá ní kó tọ́ ọbẹ̀ wò kò gbọdọ̀ gba ẹran lọ́wọ́ ẹni tó sè é. Bó bá gbà á, ọjọ́ tó bá sọ òótọ́, kò ní í rẹ́ni gbà á gbọ́. Àgbà ní ẹnu jẹ, ojú tì. Òjé ní tirẹ̀ kì í tijú ẹnikẹ́ni.