Tòlótòló Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Ọlọ́run

Ẹ̀ṣẹ̀ ni àlọ́ mi fi bẹ̀rẹ̀, orí Tòlótòló ló sì dá lé: ó kọ̀, kò tẹríba fún Ẹlẹ́dàá rẹ̀.

Ọlọ́run ló pàṣẹ pé kí ẹnu ọ̀nà ìjọ àwọn ẹranko rẹlẹ̀, kí oníkálukú lè máa tẹríba wọlé. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi Tòlótòló jẹ Bàbá Ìjọ, ó wú bíi búrẹ́dì inú ààrò, ó dúró síta. Àbí kí ẹni ńlá bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́?

Àgbò, pásítọ̀ wọn, ké sí i: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹríba díẹ̀."

"Pásítọ̀, Ọlọ́run mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ẹ pe káfíńtà kó wá gbé ilẹ̀kùn yín ga."

Ni ìjọ bá dárin:

Tòlótòló, tẹríba o,
*Wọlé wá!*
Ọlọ́run ló nilé,
*Wọlé wá!*
Ìyẹ́ kì í ṣẹ̀wù ọ̀run,
*Wọlé wá!*

Ó ń retí kí wọ́n jáde wá bẹ òun. Òjò ló jáde. Bí ìyẹ́ iyì ṣe lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó gbọ́ ariwo nínú ilé: "Bàbá Ìjọ wa tuntun!" Pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n gbọ́wọ́ lé lórí, ẹni tí í tẹríba lẹ́nu ọ̀nà tó ga ju ọ̀pẹ lọ.

Tòlótòló sọ̀, ó tẹríba, ó wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

"Ẹ̀yin ará, ẹ foríjì mí. Ilẹ̀kùn yín kò kéré. Èmi ni mo wú."