Páálí Ara Síárìn

Onídìrí mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi: "Àǹtí, mẹkáníìkì yẹn ti ta ẹ́ńjìnnì yín. Oṣù mẹ́sàn-án! Ṣé oyún ni?"

Mọ́tò àtijọ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ni. Òun ló kọ́ mi bí a ti ń wà á. Mi ò ní nǹkan mìíràn tó jẹ́ tèmi.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Mọ́tò tó dàgbà jù ọ́ lọ! Ṣé o rò pé ẹyin ni wọ́n ń dín?"

Ara fu mí. Mo lọ síbi iṣẹ́ mẹkáníìkì láìsọ tẹ́lẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀nà, mà. Ó ku písítìnì kan ṣoṣo."

"Ohun tí o sọ lóṣù tó kọjá nìyẹn."

"Ìyẹn yàtọ̀ sí èyí, mà."

Ó yára wọlé lọ tẹ ẹnì kan láago.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnnì mi wà níbẹ̀ lódindi, ó ń dán.

Páálí tí wọ́n máa ń kọ iṣẹ́ sí, tí wọ́n ń so mọ́ gbogbo mọ́tò, wà lára síárìn, ní gbangba. Gbogbo wọn níbẹ̀ mọ̀ pé mi ò mọ̀wé; wọn ò mọ̀ pé mo ti ń kọ́ ọ ní bòńkẹ́lẹ́.

Mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó ti parí. Ẹ má sọ fún ìyàwó. Ọkọ ẹ̀ ní kó má baà fi sá lọ."

Mẹkáníìkì jáde. "Mà! Ta ló kà á fún yín?"

"Èmi ni. Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Lílọ ò tiẹ̀ sí lọ́kàn mi tẹ́lẹ̀.

Ọkọ mi ń sáré bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń pè mí. Mo wa mọ́tò bàbá mi kọjá lára rẹ̀.

Mi ò bojú wẹ̀yìn.