Ajá Ẹnu Ọ̀nà Yàrá

"Olùkọ́ ajá, ẹ bá mi tún orí ajá yìí ṣe. Kì í jẹ́ kí n wọ yàrá ọmọ tí ìyàwó mi ti bí kó tó fẹ́ mi. Ọ̀la sì ni ìyá ọmọ ń rìnrìn àjò."

Baálé ilé ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́.

Èmi kì í na ajá. Ẹran díẹ̀ àti "o káre" ni mo fi ń kọ́ wọn. Ohun tí ajá bá ti rí jẹ nídìí rẹ̀, yóò tún un ṣe.

Mo ń wá ohun tó ń gbé e dìde.

Mo ṣílẹ̀kùn ìta. Kò mira.

Mo mi kọ́kọ́rọ́. Ó ń sùn ní tiẹ̀.

"Àbí ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n kọ́ ni?" Baálé ilé fa bẹ́líìtì rẹ̀ sókè. Irin rẹ̀ dún.

Ajá fò dìde. Ó lọ nà gbalaja sẹ́nu ọ̀nà ọmọ náà, ó ń wo abẹ́ ilẹ̀kùn.

Ìka kékeré kan yọ níbẹ̀. Ó ti bísíkíìtì síta.

Olúwa mi, ajá yìí ti ní olùkọ́.

Mo fún un lẹ́ran. "O káre," ni mo wí sókè, kí ẹni tó wà nínú yàrá lè gbọ́.

Nọ́ńbà fóònù ìyá ọmọ wà lára okùn ọrùn ajá. Mo ń tẹ̀ ẹ́.